Àpótí wúfà inú búùtù: báwo lẹ ṣe dè é tí kò fi ń rìn, tí ẹ sì tún ń rí i gbé jáde?

Awakọ̀ Pańṣẹ́kẹ́
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Ẹ̀gbá. Ohun tí ojú yín rí ni kí ẹ sọ o, ẹ má sọ èyí tí ẹ gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Wúfà (sípíkà tó ń gbé bẹ́ẹ̀sì, ohùn orin tó rinlẹ̀, jáde) ínṣì 12 ni tèmi, inú àpótí MDF, pákó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi tẹ̀, ló wà, àtòun àti àpótí lé ní kílò 20. Kò lè máa gbé inú búùtù títí, torí ọkọ̀ yìí kan náà ni ìyàwó mi fi ń kó kúlà oúnjẹ ròde lọ́jọ́ Sátidé. Bẹ́ẹ̀ ni kò ṣe é fi sílẹ̀ láìdè. Ẹ gbéra ní Pańṣẹ́kẹ́, kí ẹ tó dé Ìtòkú, ó ti gbá gbogbo ara búùtù kiri.

Bí mo ṣe ṣe é rèé. Káfíńtà gé pulaiwúùdù tó nípọn dáadáa fún mi, ní ìwọ̀n ilẹ̀ búùtù gan-an. Mi ò lu ihò kankan sára ọkọ̀. Tí ẹ bá wo àárín ibi tí táyà sípéà ń sùn sí, bóòtì kan wà níbẹ̀ tó mú táyà mọ́lẹ̀. Mo yọ ọ́, mo mú un dání lọ sí Láfẹ́nwá, mo ní kí wọ́n wá èyí tí tíréèdì rẹ̀ bá a mu àmọ́ tó gùn jù ú lọ fún mi. Nọ́ọ̀tì kìn-ín-ní mú táyà, bóòtì wá gba inú pákó yọrí sókè, nọ́ọ̀tì kejì pẹ̀lú wásà tó fẹ̀ sì mú pákó. Ìkọ́ ìdẹrù méjì tó bá ọkọ̀ wá ló mú igun pákó méjì.

Ó wá ku àpótí fúnra rẹ̀. Wẹ́dà ṣe irin áńgù kan tí a so mọ́ iwájú pákó, lápá ibi àga ẹ̀yìn, ahọ́n irin tó wà nídìí àpótí sì ń wọ abẹ́ rẹ̀. Lápá ẹ̀yìn, bóòtì méjì ló yọ láti inú pákó, nọ́ọ̀tì elétí tí à ń fọwọ́ lásán yí ló ń mú un. Tí mo bá ti tú elétí méjèèjì, tí mo fa àpótí sẹ́yìn díẹ̀, ó ti jáde nìyẹn, mi ò wá sípánà kankan. Máàtì rọ́bà pẹlẹbẹ wà láàárín òun àti pákó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo rẹ̀ á máa ké gìrìgìrì tí bẹ́ẹ̀sì bá ti wọlé.

Ẹ̀yin ń kọ́?

Ọmọ FUNAAB
Ẹ̀gbọ́n, tiyín ti pọ̀ jù fún akẹ́kọ̀ọ́ o. Rọ́bà tíúbù tí àwọn ọlọ́kadà fi ń de àpò gààrí ni mo fi de tèmi mọ́ ìkọ́ méjèèjì, owó rẹ̀ ò tó nǹkan. Láti Kámpù dé Ọbáńtokò, tí mo bá kó sí kòtò, ó lè fò díẹ̀, á sì padà sáyè rẹ̀. Kò já rí.

Ríwáyà Aṣérò
Àbúrò, pé kò já kọ́ lọ̀rọ̀. Iṣẹ́ rọ́bà ni kó nà. Tẹ bíréèkì lójijì kóo wò ó, yóò yọ̀ǹda àpótí lọ síwájú kó tó rántí fà á padà. Fi rọ́bà de gààrí. Bẹ́líìtì tí kì í nà ni kóo fi de wúfà, irú èyí tí àwọn onítírélà fi ń de ẹrù, tó ní irin tí à ń ṣẹ́ lọ ṣẹ́ bọ̀ títí yóò fi le.

Mo rí nǹkan ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ọkọ̀ kan wọlé, ẹni tó ni ín ní bẹ́ẹ̀sì òun ń dákẹ́, ó tún ń dún. Sikúrù gígùn ni ẹni tó bá a ṣe é gbà láti inú àpótí, ó dá ilẹ̀ búùtù lu. Nígbà tí mo wọ abẹ́ ọkọ̀, ẹnu gbogbo sikúrù yẹn ló yọ síta, wọ́n ti dípẹtà, omi òjò sì ń gba ibẹ̀ wọ búùtù. Ọ̀kan ò jìnnà sí táńkì epo rárá. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ sálúùnù, abẹ́ àga ẹ̀yìn ni táńkì wà. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lu nǹkan níwájú búùtù láì kọ́kọ́ yọjú wo abẹ́, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín lọ́wọ́ rẹ̀. Ihò sikúrù tún ń jẹ́ kí atẹ́gùn jò nínú àpótí tó yẹ kó dí pa, bẹ́ẹ̀sì á sì fẹ́lẹ́. Silikóònù ni mo fi dí wọn.

Ohun tó ń pa bẹ́ẹ̀sì lẹ́nu mọ́ gan-an ni wáyà tí wọ́n lọ́ pọ̀ tí wọ́n fi téèpù wé. Ẹni tó bá fẹ́ máa gbé àpótí wọlé gbé e jáde, kó lo Speakon, ẹnu wáyà tí wọ́n ń lò fún sípíkà ńlá àwọn olórin. Ẹ tì í wọlé, ẹ yí i, ó ti há. Kò ṣe é fi sódì, irin inú rẹ̀ kò sì lè kanra. Ìhòòhò wáyà tó bá kanra nígbà tí ámpù, ẹ̀rọ tó ń fún wúfà lágbára, ṣì ń ṣiṣẹ́ lè jó ámpù náà. Ẹ má so ámpù mọ́ àpótí, ẹ̀yìn àga ni kó wà. Fíúsì ńkọ́? Ẹ̀gbẹ́ bátìrì, kó má ju sẹ̀ǹtímítà 45 sí i lọ.

Ìyá Aládìrẹ, Ìtòkú
Ẹ̀yin ọkùnrin wọ̀nyí, káfíńtà, wẹ́dà, ríwáyà, gbogbo rẹ̀ nítorí orin! Ínṣì 8 ni tèmi, kò wúwo. Fẹlikúrò tó ń dún ràà, irú ti bàtà ọmọ iléèwé, ni mo lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Apá tó le, tó ní ìkọ́ wẹẹrẹ, nìkan ni mo lò, kápẹ́ẹ̀tì búùtù ni apá kejì. Ìṣòro rẹ̀ kan ni fọ́nrán òwú ara àdìrẹ tó máa ń kún inú rẹ̀, tí kò sì ní mú mọ́. Mo ní búrọ́ọ̀ṣì tí mo fi ń họ ọ́.

Arìnrìnàjò Ọ̀nà Èkó
Mà á, fún ínṣì 8 yẹn, kò burú. Ẹ má fi de ínṣì 12 o. Ọkọ̀ àna mi ni mo ń wà bọ̀ láti Èkó, tòun ti wúfà rẹ̀ tí kò dè rí láyé. Ní Ewékorò, tírélà sìmẹ́ńtì kan kàn yà síwájú mi. Mo tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Àpótí yẹn gbá àga ẹ̀yìn débi pé ìkọ́ àga já, ìdajì rẹ̀ sì wó síwájú. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kò sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀.

Bíréèkì lásán nìyẹn o. Ká ní ọkọ̀ ń sá kìlómítà 50 ní wákàtí, tó forí sọ nǹkan, tó dúró láàárín ìdajì mítà, agbára tí ẹrù inú rẹ̀ yóò fi lọ síwájú yóò tó ìlọ́po 20 ìwúwo rẹ̀. Ohun tó jẹ́ kílò 20 di kílò 400, àpò sìmẹ́ńtì 8, lẹ́yìn àga tí ọmọ jókòó lé.

Èmi ń lo Sienna báyìí, kò sí ògiri láàárín búùtù àti èrò. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ríwáyà Aṣérò
Ẹ̀gbọ́n, tó bá jẹ́ ti 2004 sókè, kòtò tí àga ìlà kẹta, tẹ̀yìn pátápátá, ń ká sí ni kí ẹ gbé àpótí sí, kí àga wà ní nínàró. Ògiri kòtò yẹn ló máa kọ́kọ́ dá a dúró. Ẹ wá fa bẹ́líìtì méjì kọjá lórí rẹ̀ kó má fò sókè. Tí àga bá máa ká, àpótí gbọ́dọ̀ jáde ni.

Ọmọ FUNAAB
Ẹ̀gbọ́n Ríwáyà, bẹ́líìtì yẹn, ẹyọ kan tó àbí méjì?

Ríwáyà Aṣérò
Méjì. Gbé ọkọ̀ náà wá lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, kí n wo ìkọ́ búùtù rẹ kóo tó náwó. Ike ni ti àwọn ọkọ̀ mìíràn, àpò ọjà lásán ló wà fún.