Ṣé òótọ́ ni pé n kò gbọdọ̀ gba Ara Olúwa mọ́ nítorí oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí?

Aya Àgùdà, Yábàá:
Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa o, ẹ̀yin ará. Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n bí sí Pópó Àgùdà ní Erékùṣù Èkó, tí wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé bí ìdílé wọn ti pẹ́ tó nínú ìjọ, wá kí wa lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n sì rí páálí oògùn mi lórí fìríìjì. Ibi tí mo ti ń bu ọbẹ̀ fún wọn ni wọ́n ti gbé páálí náà kalẹ̀ síwájú mi, tí wọ́n ní ṣé ọmọ mẹ́ta yìí náà ni mo pinnu pé ó tó ọmọ àwọn. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pe ọkọ mi láràárọ̀ pé apànìyàn ni mí. Ọkọ mi kò fèsì kankan, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí gbogbo ìjọ tò lọ síwájú pẹpẹ, orí ìjókòó ni mo wà, àkọ́bí mi sì ń bi mí pé kí ló dé. Ṣé ìpànìyàn ni oògùn yìí lójú Ìjọ?

Bàbá Olùkọ́, Èbúté Mẹ́ta:
Ọmọ mi, Ìjọ kò fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́. Póòpù Pius Kọkànlá ti sọ ọ́ ní 1930, Póòpù Paul Kẹfà sì tún un sọ nínú lẹ́tà Humanae Vitae ní 25 July 1968: ìbálòpọ̀ tọkọtaya gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ fún ìwàláàyè tuntun, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ ṣe ohun tó fẹ́ fi dènà oyún, ìbáà ṣe ṣáájú, ìbáà ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Da oògùn náà nù, kí o sì lọ jẹ́wọ́.

Ìyá Ìbejì, Sùúrùlérè:
Ẹ rọra bá a sọ ọ́, Bàbá. Lẹ́tà yẹn kan náà gbà kí tọkọtaya tó ní ìdí pàtàkì lo àwọn ọjọ́ tí oyún kì í dúró. Ọ̀nà Billings ni wọ́n kọ́ èmi àti ọkọ mi, èyí tí dókítà John Billings àti Evelyn ìyàwó rẹ̀ gbé kalẹ̀ ní Australia. Omi ojú ara ni obìnrin ń kíyè sí: bó bá mọ́ gaara, tó ń yọ̀, tó sì ń fà bíi funfun ẹyin, a ó takété síra wa. Èmi máa ń sàmì sí kàlẹ́ńdà tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá wa, ọkọ mi fúnra rẹ̀ a sì máa wò ó kí ó tó sùn. Ọkọ tí kò bá fọwọ́ sí i, kò lè ṣeé ṣe.

Ọmọ Ìjọ, Ìkẹjà:
Ìbéèrè rẹ̀ ni pé ṣé apànìyàn ni òun, kò sì tíì sí ẹni tó dáhùn. Nínú lẹ́tà Evangelium Vitae tí Póòpù John Paul Kejì kọ ní 1995, ó ní ẹ̀ṣẹ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni dídènà oyún àti ṣíṣẹ́ oyún: àkọ́kọ́ lòdì sí ìwà mímọ́ nínú ìgbéyàwó, èkejì ló ń rú òfin “Ìwọ kò gbọdọ̀ pànìyàn.” Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ yẹn kò tọ́.

Bàbá Olùkọ́:
Póòpù yẹn náà ló ní ara igi kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń so. Ẹ má ṣe fi ìyàtọ̀ yẹn sọ ọ́ di nǹkan kékeré.

Aya Àgùdà:
Mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n ẹ má ní kí n da oògùn nù. Kíka ọjọ́ kò ṣeé ṣe fún mi, nítorí ẹ̀jẹ̀ kì í dá. Láti ìgbà tí mo ti bí àbíkẹ́yìn wa, bí nǹkan oṣù mi bá dé, kì í lọ bọ̀rọ̀. Mo dákú ní ibùdókọ̀ Ojúẹlẹ́gba, wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ sí mi lára kí n tó lajú. Dókítà ló kọ oògùn yìí láti dín ẹ̀jẹ̀ náà kù. Ọkọ mi mọ̀. N kò sọ fún ìyá rẹ̀ nítorí pé ọ̀rọ̀ ara mi ni.

Ọmọ Ìjọ:
Ọ̀rọ̀ ti yí padà pátápátá! Ẹ ṣí ìpín 15 nínú Humanae Vitae: Ìjọ kò ka ìtọ́jú tó pọn dandan láti wo àìsàn ara sí èèwọ̀, bí a tilẹ̀ mọ̀ ṣáájú pé kò ní jẹ́ kí oyún dúró, níwọ̀n ìgbà tí kì í ṣe ìdènà yẹn gan-an la torí rẹ̀ lò ó.

Bàbá Olùkọ́:
Bẹ́ẹ̀ ni, ó wà níbẹ̀. Ohun tó kù ni èrò ọkàn rẹ, ọmọ mi. Bí ẹ̀jẹ̀ náà bá dá lónìí, ṣé wàá ṣì máa lò ó?

Aya Àgùdà:
Rárá, Bàbá. Èmi fẹ́ ọmọ kẹrin. Ọkọ mi ni ẹ̀rù ń bà, nítorí òun ló gbé mi dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Ìyá Ìbejì:
Ọkọ yín gan-an ló yẹ kó sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ dókítà, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ gbé e lọ bá Fádà, kí ẹ sì bi dókítà bóyá ìtọ́jú mìíràn wà.

Aya Àgùdà:
Mo ti ka ìpín 15 yẹn fún ọkọ mi nísinsìnyí. Ó ní òun yóò kọjá sí Pópó Àgùdà lọ́la tí òun bá ti ibi iṣẹ́ dé, a ó sì jọ lọ rí Fádà ní Sátidé kí ìjẹ́wọ́ tó bẹ̀rẹ̀.