Baby Benz 190E ọdún 1990: mo fẹ́ máa tún un ṣe fúnra mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àkànbí_Bódìjà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Bàbá mi ti fún mi ní mọ́tò wọn, Mercedes 190E ọdún 1990, èyí tí a ń pè ní Baby Benz. Ẹ́ńjìnnì 2.0 ni, gíà ọlọ́wọ́. Ara rẹ̀ ṣì le, àga inú rẹ̀ kò ya, mi ò sì fẹ́ tà á.

Ohun tó ń ṣe é nìyí. Iná ABS (ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há nígbà tí a bá tẹ bíréèkì) máa ń tàn, á tún kú fúnra rẹ̀. Bí iná náà bá ti tàn báyìí, slow ẹ́ńjìnnì (bó ṣe ń yí nígbà tí mi ò tẹ tọ́tù) kì í dúró lójú kan mọ́, á máa lọ sókè sódò, nígbà míì á kú mọ́ mi lọ́wọ́ ní oríta. Èkejì, tí mo bá há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Mọ́kọ́lá, abẹ́rẹ́ ooru máa ń kọjá 100. Ṣùgbọ́n tí mo bá bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó láàárọ̀ kùtù, kì í tiẹ̀ dé 80.

Mẹkáníìkì tó ń bá mi wò ó ní brain box (kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì) ti kú, pé kí n jẹ́ kí òun tú gbogbo injection (ẹ̀rọ tó ń tú epo sínú ẹ́ńjìnnì) dànù, kí òun fi kábúrétọ̀ sí i. Ọkàn mi ò gbà á. Mo fẹ́ kọ́ bí màá ṣe máa ṣe àwọn iṣẹ́ kéékèèké fúnra mi. Kí ni kí n kọ́kọ́ fọwọ́ kàn? Irinṣẹ́ wo ni kí n rà? Ibo ni mo ti lè rí páàtì tó dáa?

Bàbá_Rewáyà (Abẹ́òkúta)

Àkànbí, ọmọ mi, o ṣeun tí o béèrè kí wọ́n tó gé wáyà ọkọ̀ náà. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú injection yẹn. Tí iná ABS bá ń tàn, tí slow sì ń jó lásìkò kan náà, orísun kan ṣoṣo ni méjèèjì sábà máa ń ní, kì í sì í ṣe brain box.

Relay kan wà nínú ọkọ̀ yẹn tí wọ́n ń pè ní OVP. Òun ló ń dáàbò bo kọ̀ǹpútà injection àti ABS kí iná tó bá pọ̀ jù má bàa jó wọn, inú rẹ̀ sì ni iná ń gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì. Lẹ́yìn bátìrì ni wàá ti rí i, àpótí kékeré tí fíúùsì pupa, 10 amp, wà lórí rẹ̀. Ti àwọn kan ní ẹyọ kan, ti àwọn mìíràn ní méjì. Ooru ẹ́ńjìnnì tó ti ń fẹ́ sí i láti ọdún tó ti pẹ́ ló ń mú kí òjé inú rẹ̀ sán. Nígbà tó bá gbóná, ojú ibi tó sán á là, iná á já. Tó bá tutù, á tún pa dé. Ìdí nìyẹn tí iná ojú dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ fi ń wá tó sì ń lọ.

Pa ọkọ̀, tú orí bátìrì tó ní àmì ìyọkúrò. Fa relay náà sókè, wo fíúùsì rẹ̀. Bó bá ti jó, 10 amp gan-an ni kí o fi rọ́pò rẹ̀. Bí fíúùsì bá dáa, ṣí ìbòrí relay náà, kí o yẹ àwọn ẹsẹ̀ tó wọ inú pátákó wò lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú awò tó ń sọ nǹkan di ńlá. Ibi tí o bá ti rí òrùka dúdú tín-ín-rín tó yí ẹsẹ̀ ká, ibẹ̀ ló sán. Fi òjé tuntun jó o. Tí agbára bá dé, ra tuntun nígbà tó bá yá, ṣùgbọ́n má ra èyí tí wọ́n yọ lára òkú ọkọ̀. Ọjọ́ orí kan náà ni òun àti tìrẹ, àrùn kan náà ló ń ṣe wọ́n.

Ìyá_Ìbejì_Ṣúúrùlérè

Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí èmi sọ̀rọ̀ lórí ooru, torí irú ẹ́ńjìnnì yìí, M102, ni mo ń wà lójoojúmọ́.

Àkànbí, tún ohun tí o kọ kà. Ó ń gbóná nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ó tutù jù lórí márosẹ̀. Wọ́n ti yọ thermostat rẹ̀, ìyẹn ohun kékeré tó ń ṣí ọ̀nà omi tó sì ń pa á dé bí ooru bá ṣe rí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lójú. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa ló gbà pé nítorí òtútù òyìnbó ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀, pé ilẹ̀ tiwa ti gbóná tó. Ó ń dùn mí, torí ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tó yẹ kó ṣì wà láàyè ni ìgbàgbọ́ yìí ti pa.

Abọ́ méjì ló wà lára thermostat yẹn. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, abọ́ kan pa ojú ọ̀nà rédíétọ̀ dé, omi á máa gba ọ̀nà àbùjá kan yí po inú ẹ́ńjìnnì kó lè tètè gbóná. Tó bá ti gbóná tó, abọ́ yẹn ṣí ọ̀nà rédíétọ̀, ìkejì á sì di ọ̀nà àbùjá náà pa, kí gbogbo omi lè lọ tutù. Ní báyìí, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ọ̀nà àbùjá wà ní ṣíṣí sílẹ̀ gbayawu. Apá kan omi gbígbóná á kàn máa yí po níbẹ̀, kò ní dé rédíétọ̀. Lórí márosẹ̀, atẹ́gùn pọ̀ débi pé ìwọ̀nba tó dé rédíétọ̀ ti tó láti mú ẹ́ńjìnnì tutù rinrin. Ní Mọ́kọ́lá tí atẹ́gùn ò sí, omi tí kò dé rédíétọ̀ yẹn ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí kì í gbóná tó náà ń jìyà o: injection rò pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni, á máa da epo sí i ju bó ṣe yẹ lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, wo fáànù. Lórí ọ̀pọ̀ 190E 2.0, kílọ́ọ̀ṣì (clutch) onímágínẹ́ẹ̀tì ló ń mú fáànù iwájú ẹ́ńjìnnì nígbà tí omi bá gbóná. Tí abẹ́rẹ́ bá ti ń sún mọ́ 100 tí o ò gbọ́ kí fáànù hó, yẹ wáyà rẹ̀ àti swítì tó ń gbọ́ ooru omi wò kí o tó ra ohunkóhun. Má sún mọ́ ọn nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́.

Omi ẹ̀rọ lásán kọ́ ló yẹ kó wà nínú rédíétọ̀. Coolant tó bá ìwé àṣẹ Mercedes 325.0 mu ni kí o rà, ìdajì rẹ̀, ìdajì omi mímọ́ tí wọ́n ń rọ sí bátìrì. Orí ẹ́ńjìnnì yẹn, alumíníọ̀mù ni, omi lásán á jẹ ẹ́. Má sì fún ìdè họ́òsì òkè le jù: ọrùn rédíétọ̀ náà, ike ni, ó ti gbó, ó lè kán.

Dẹ̀jì_Òṣogbo

Mo fara mọ́ àwọn méjèèjì. Ní ti kábúrétọ̀: ẹ máa wo iye Baby Benz tó wà lẹ́bàá ọ̀nà tí wọ́n ti ṣe báyìí fún, tí kò sí èyí tó tún sáré dáadáa nínú wọn. KE-Jetronic tí Bosch ṣe ni injection yẹn. Apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, omi epo àti atẹ́gùn ló ń darí rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kàn ń ṣe àtúnṣe kékeré ni. Tí epo bá mọ́, tí kò sí ibi tí atẹ́gùn ń yọ́ wọlé, ó máa ń pẹ́ lọ́wọ́ ẹni.

Nítorí náà, lẹ́yìn relay, rọ́bà ló kàn. Gbogbo họ́òsì rọ́bà tó so mọ́ ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, fọwọ́ tẹ̀ wọ́n, yí wọn po, wo abẹ́ wọn. Èyí tó bá ti gan, pààrọ̀ rẹ̀. Òrùka rọ́bà kékeré tó yí ẹsẹ̀ injector ká náà ń gan. Gbogbo rẹ̀ kò wọ́nwó, ọwọ́ lásán lo fi lè ṣe púpọ̀ nínú wọn.

Asẹ́ epo (fuel filter) wà lábẹ́ ọkọ̀ lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ǹpù. Pẹ̀lú irú epo tí a ń rà nílẹ̀ yìí, má jẹ́ kí ó pẹ́ kí o tó pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbọ́ o: agbára epo inú páìpù yẹn ju 5 bar lọ, kì í sì í tán nígbà tí o bá pa ọkọ̀. Jẹ́ kí ọkọ̀ tutù, fi aṣọ bo ojú ibi tí o fẹ́ tú, tú u díẹ̀díẹ̀, kí iná tàbí sìgá má sí nítòsí.

Púlọ́ọ̀gì: ra èyí tí lẹ́tà R (resistor, ohun tó ń dín agbára iná kù) kò sí nínú nọ́ńbà rẹ̀. Inú fìlà púlọ́ọ̀gì ọkọ̀ yẹn ni ohun tí R dúró fún ti wà tẹ́lẹ̀. Àlàfo rẹ̀, 0.8 mm. Ìdè kékeré kan wà lórí ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, tí wọ́n fi ń ṣe àdàlù epo àti atẹ́gùn. Má fọwọ́ kàn án tí o ò bá ní gééjì. Gbogbo mẹkáníìkì tí wọ́n bá gbé ọkọ̀ yẹn lọ bá ló máa ń yí i.

Àkànbí_Bódìjà

Mo dúpẹ́ gan-an ni. Màá bẹ̀rẹ̀ láti ìparí ọ̀sẹ̀ yìí. Ó ku irinṣẹ́ àti ibi tí mo ti lè ra páàtì.

Olóyè_Peckham

Ẹ kú àárọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. Àbúrò, wo nọ́ńbà ṣàsí rẹ. WDB201024 ló yẹ kó fi bẹ̀rẹ̀, 201.024 ni 190E 2.0. Nọ́ńbà yẹn ni kí o fi ra páàtì, kì í ṣe ẹnu. Gbogbo W201 (orúkọ tí Mercedes fi ń pe irú ọkọ̀ yìí) tí wọ́n ṣe láti 1982 sí 1993 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù méjì, ìdí nìyẹn tí páàtì rẹ̀ fi ṣì wà káàkiri. Bosch ṣì ń ṣe ti iná àti epo, Lemförder ń ṣe ti ẹsẹ̀, Mahle, tó ra Behr, ń ṣe ti omi. Mercedes fúnra wọn ní ẹ̀ka Classic tó ń ta èyí tí ẹlòmíràn ò ṣe mọ́.

Níbí, ọ̀pọ̀ ń tú tiwọn tà ní páàtì. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2023, gbogbo Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti ń gba £12.50 lójúmọ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá wa ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ kò bá òfin mu, àyàfi tí ọkọ̀ náà bá ti pé ogójì ọdún. Tí o bá ní ẹbí tó ń bọ̀ wálé, ohun ike àti ohun àga inú ọkọ̀ ni kí o rán wọn, torí wọ́n fúyẹ́, wọ́n sì ṣọ̀wọ́n. Má rán wọn ní ohunkóhun tó jẹ́ irin abẹ́ ọkọ̀. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù ti jẹ ẹ́.

Ìyá_Ìbejì_Ṣúúrùlérè

Tí Ìbàdàn bá ni, Àràrọ̀mí ní Gate kò jìnnà sí ọ. Èmi, ọjà Ládípọ̀ ní Èkó ni mo ń lọ. Mú páàtì àtijọ́ dání lọ, gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí káńtà kí o tó sanwó. Tí iye tí wọ́n pè bá kéré jù, máa bá tìrẹ lọ, ó lè jẹ́ ayédèrú.

Irinṣẹ́: sípánà láti 8 dé 19, àti bọ́ksì sípánà. 13 ni wàá fi tú ìdè ọ́ìlì lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, 17 ni ti táyà. Ra mítà tí rewáyà fi ń wọn iná, kékeré ti tó. Ra sípánà tó ń wọn agbára tí a fi ń fún ìdè, torí 110 Nm ló yẹ kí ìdè táyà ọkọ̀ yẹn jẹ́, kì í ṣe kí ènìyàn gun orí sípánà fò. Ohun tí mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ rà jù ni ìdúró irin méjì tó ń gbé ọkọ̀ dúró. Jáàkì kan ń gbé ọkọ̀ sókè lásán ni. Má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó wà lórí jáàkì nìkan, má wọ abẹ́ èyí tí búlọ́ọ̀kù gbé dúró, búlọ́ọ̀kù ń fọ́ láìkìlọ̀.

Dẹ̀jì_Òṣogbo

Ọ́ìlì 20W-50 (nọ́ńbà yìí ló ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó) ni kí o máa lò, bíi lítà márùn-ún, kí o sì fi ọ̀pá ìwọ̀n yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣéènì ni wọ́n fi ṣe timing ẹ́ńjìnnì yẹn, kí ẹnikẹ́ni má ta bẹ́líìtì timing fún ọ.

Olóyè_Peckham

Dẹ̀jì, 15W-40 ni èmi máa yàn. Ó ń tètè gòkè dé orí ẹ́ńjìnnì láàárọ̀.

Dẹ̀jì_Òṣogbo

Lọ́dọ̀ yín, ẹ̀gbọ́n, bẹ́ẹ̀ ni. Nínú oòrùn Òṣogbo, lórí ẹ́ńjìnnì tó ti rìn jìnnà, mi ò ní kúrò lórí 20W-50. Kí Àkànbí sáà má jẹ́ kó pẹ́ kó tó pààrọ̀ rẹ̀.

Bàbá_Rewáyà (Abẹ́òkúta)

Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un. Àkànbí, sípíríǹgì iwájú ọkọ̀ yẹn, má dán an wò. Wọ́n há a mọ́ inú pẹ̀lú agbára tó lè pa ènìyàn, irinṣẹ́ ọ̀tọ̀ tó ń wọ inú rẹ̀ ni wọ́n fi ń fún un pọ̀ kí wọ́n tó yọ ọ́. Tí ball joint (oríkèé ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀) bá ń dún kẹ̀kẹ̀, gbé e lọ bá ẹni tó ní irinṣẹ́ yẹn, kí o jókòó tì í. Omi bíréèkì, DOT 4, ọdún méjì-méjì ni kí o máa pààrọ̀ rẹ̀, torí ó máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra.

Àkànbí_Bódìjà

Ẹ̀yin ẹbí, mo ti dé o. Ibi tí fíúùsì OVP yẹ kó wà, wáyà kọ́pà ni mo bá níbẹ̀! Mo ṣí relay náà, ẹsẹ̀ méjì ló ní òrùka dúdú gẹ́gẹ́ bí Bàbá ṣe sọ. Ọ̀rẹ́ mi tó ń tún rédíò ṣe bá mi jó o, a fi fíúùsì 10 amp sí i. Iná ABS ò tàn mọ́ láti ọjọ́ yẹn, slow sì dúró. Mo ṣí ilé thermostat, òfìfo ni. Mo ti ra tuntun ní Gate, àmọ́ òrùka rọ́bà rẹ̀ ò sí nínú páálí. Ṣé mo lè fi gọ́ọ̀mù gásíkẹ́ẹ̀tì rọ́pò rẹ̀?

Bàbá_Rewáyà (Abẹ́òkúta)

Ọlọ́run ló bá ọ pa kọ̀ǹpútà yẹn mọ́. Pẹ̀lú wáyà kọ́pà níbẹ̀, kò sí ohun tó ń dáàbò bò ó. Ní kí rewáyà wọn iná tí alternator ń mú wá kí o tó rìn jìnnà, kò gbọdọ̀ kọjá 14.5 volt.

Ìyá_Ìbejì_Ṣúúrùlérè

Má lo gọ́ọ̀mù. Pa dà sí Gate, ra òrùka rọ́bà, owó rẹ̀ kéré. Fi ihò kékeré ara thermostat kọjú sókè kí atẹ́gùn lè ríbi gbà jáde. Yí hítà inú ọkọ̀ sí gbígbóná, rọ coolant díẹ̀díẹ̀, jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ títí họ́òsì òkè yóò fi gbóná lójijì, ìgbà náà lo mọ̀ pé ó ti ṣí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti tutù, ṣí ìdérí, fi èyí tó bá dín kún un.