Idà onídán kọ́, idà olóògùn ni: ọ̀rọ̀ fún ohun ìjà inú eré Dungeons & Dragons

Àbá mẹ́ta ló wà nílẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ sọ òfin eré ìtàn orí tábìlì tí à ń fi dáìsì ṣe, Dungeons & Dragons di Yorùbá: kí a pe idà tó ní agbára àràmàǹdà ní "idà onídán", kí a pe èyí tó ń ṣe ẹni tó mú un ní jàǹbá ní "ohun ègún", kí a sì pe bí ohun náà ṣe ń di ti ẹni tó mú un ní "ìsopọ̀". Mi ò fara mọ́ ìkankan nínú wọn. Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ dára. Láti oṣù Kìíní 2023 tí ìwé òfin SRD 5.1, àkójọ òfin ìpìlẹ̀ eré náà, ti bọ́ sábẹ́ àṣẹ ìlò ọ̀fẹ́ Creative Commons, ẹnikẹ́ni lè túmọ̀ rẹ̀, kó sì tà á, bó bá ti dárúkọ ibi tó ti mú un. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí a bá yàn báyìí ló máa wà lẹ́nu àwọn ọmọ tó ń ṣeré náà.

Ká mú idán ná. Idán là ń pa. Eégún apidán á di ọ̀nì, á di ejò, lójú agbo, ìran sì ni gbogbo rẹ̀. Oògùn là ń ṣe, là ń lò, òun ló sì ń jẹ́. Idà tó ń jó bí iná, tó ń fi 2d6 (àpapọ̀ dáìsì méjì olójú 6) kún ọgbẹ́ ọ̀tá, kì í ṣe ìran wíwò. Àwọn kan ní "olóògùn" ń ba ènìyàn lẹ́rù, pé ìkà ló ń mú wá sọ́kàn. Kò burú bó bá dẹ́rù bani. Idà ni, kì í ṣe ṣíbí. Kí a fi "onídán" pamọ́ fún ohun tó ń tan ojú jẹ lásán, irú èyí tó ń fi ọmọ ogun tí kò sí níbẹ̀ han ọ̀tá. Oògùn mímu inú ìgò tó ń dá ìlera 2d4+2 padà sára, àgbo ni. Àṣèjẹ kọ́, torí jíjẹ là ń jẹ ìyẹn. Àgúnmu ńkọ́? Ta ló fẹ́ wá ẹ̀kọ láàárín ogun?

Ibi tí ọ̀rọ̀ tiwa ti pọ̀ ju ti ìwé òfin lọ ni ààbò. Ayẹta ń yẹ ọta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni. Ọta náà ò kan ẹni tó so ó mọ́ra rárá. Òkígbẹ́ yàtọ̀: àdá á kan ara, kò kàn ní wọlé ni. Ìyàtọ̀ yìí ń yí ìṣirò padà. Oògùn tó ń yẹ nǹkan gbọ́dọ̀ fi kún nọ́ńbà ààbò (iye tí dáìsì ọ̀tá pẹ̀lú àfikún rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé kó tó lè bá ènìyàn), èyí tí kì í jẹ́ kí nǹkan wọlé gbọ́dọ̀ dín ọgbẹ́ kù. Ẹni tó bá pe méjèèjì ní "oògùn ààbò", olùdarí eré ò ní mọ èyí tí yóò kà nínú méjèèjì. Ohun tí mo dábàá nìyí: ayẹta, +2 sí nọ́ńbà ààbò, fún ọta àti ọfà nìkan; òkígbẹ́, ẹ yọ 3 kúrò nínú ọgbẹ́ ohun tó ń gé, kò kan ọ̀kọ̀, kò kan kùmọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fún ẹni tó wà ní ìpele kìíní ní òkígbẹ́ 3. Goblin, ọ̀tá kékeré inú eré náà, ń fi idà rẹ̀ gé ènìyàn ní 1d6+2, ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 5.5, 3 sì ti ju ìdajì rẹ̀ lọ; goblin yóò di ohun ìṣeré. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní 1, kó di 3 ní ìpele karùn-ún.

Ọ̀rọ̀ ìṣọ̀wọ́n náà ń ṣi àwọn tó ń ṣe ohun ìjà tuntun lọ́nà. Òfin pe idà iná ní "ṣọ̀wọ́n", ó pe idà +3, tó ń fi 3 kún dáìsì ìkọlù àti ọgbẹ́, ní "ṣọ̀wọ́n gan-an". Ọ̀pọ̀ á rò pé +3 ló lágbára jù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Jagunjagun tó ń fi 5 kún dáìsì ìkọlù rẹ̀, tó dojú kọ ọ̀tá tí ààbò rẹ̀ jẹ́ 15, nílò 10 sókè lórí dáìsì olójú 20: ìgbà 55 nínú 100. Idà gígùn 1d8+3 ń ṣe 7.5 ní ìpíndọ́gba, nítorí náà ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá fi idà ṣá, 4.1 ni. Pẹ̀lú +3, ó nílò 7 sókè, ìgbà 70 nínú 100, ọgbẹ́ di 10.5, èyí sì já sí 7.35. Idà iná kì í jẹ́ kó rọrùn láti bá ọ̀tá, ṣùgbọ́n ọgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 14.5, ó sì já sí 7.98. Àwọn 20 gbáko tó ń sọ dáìsì ọgbẹ́ di ìlọ́po méjì, mi ò kà wọ́n. Bí ààbò ọ̀tá bá wá di 20, +3 á ṣáájú: 4.73 sí 4.35. Bí iná kò bá sì ràn ọ̀tá náà, idà iná di idà lásán. Nítorí náà, rírí ohun ìjà ni kí ọ̀rọ̀ wa máa sọ, kì í ṣe agbára rẹ̀. "Ṣọ̀wọ́n" dáa. Ìpele tó wà lókè "ṣọ̀wọ́n gan-an", tí àwọn kan fẹ́ pè ní "alágbára jù", ẹ jẹ́ ká pè é ní "àmúpìtàn".

"Ìsopọ̀" ni wáyà àti íntánẹ́ẹ̀tì ń ṣe. Ohun tí òfin sọ ni pé kí ènìyàn jókòó ti ohun náà fún wákàtí kan, kó má sì ní ju mẹ́ta lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá jìnnà sí i ju ẹsẹ̀ bàtà 100 lọ fún wákàtí 24, tàbí tó kú, ó ti bọ́ nìyẹn. Ẹnìkan dábàá "sísín", bíi gbẹ́rẹ́. Ó wuyì, ṣùgbọ́n gbẹ́rẹ́ tí a ti sín kì í bọ́. "Mọ́ lára" ló bá a mu: "Idà náà ti mọ́ Àdìsá lára." "Kò tíì mọ́ ọn lára." Orúkọ rẹ̀ á jẹ́ ìmọ́ra.

Ègún ń tọ ìdílé, èpè ni ẹnìkan fi ẹnu ara rẹ̀ ṣẹ́. Àáké tó ń sọ ẹni tó mú un di wèrè lójú ogun, tí kò sì fẹ́ kó gbé òun sílẹ̀, àáké elépè ni, torí ẹnìkan ló fi í sára àáké náà, kò tọ ìdílé ẹni tó mú un wá. Àìdára irú ohun bẹ́ẹ̀ ni pé olùdarí fi pamọ́. Ìgbà tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ ni òṣèré á tó mọ̀, inú á bí i. Èèwọ̀ sàn jù, a sì ti ní ọ̀rọ̀ náà láti ilẹ̀. A ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, òṣèré ni yóò pinnu bóyá kó pa á mọ́. Ohun méjì ló ń ba èèwọ̀ jẹ́. Èkíní, èyí tí kò lè ṣẹlẹ̀ láé: "má jẹ ẹran ẹ̀kìrì", nínú eré tí ẹnikẹ́ni ò jẹun. Èkejì, èyí tí kò ṣe é yẹ̀ sílẹ̀: "má jẹ́ kí omi kàn ọ́", nígbà òjò. Ẹ wá èyí tó lè dojú kọ òṣèré lẹ́ẹ̀kan láàárín ìjókòó eré méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bó bá jẹ èèwọ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú, kí oògùn má kàn "bàjẹ́": agbára á lọ títí wọ́n á fi fi obì àti epo bọ ọ́, owó wúrà 50, ọjọ́ kan gbáko.

Ó ku iye ìgbà tí ohun kan lè ṣiṣẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ ń sọ pé "ṣáájì". "Ìlò" ni mo fara mọ́: "Ọ̀pá bọ́ọ̀lù iná ní ìlò 7, ó ń gba ìlò 1d6+1 padà ní ìdájí. Bí o bá lo èyí tó gbẹ̀yìn, ju dáìsì olójú 20. Bó bá já sí 1, ọ̀pá di eérú." Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó sàn ju "ìlò" lọ, kó fi sínú gbólóhùn yẹn ká gbọ́ bó ṣe dún.