Ọmọ ọdún 41 ni mí kí wọ́n tó sọ fún mi pé mo ní autism

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ará. Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé. Oṣù tó kọjá ni lẹ́tà dókítà dé pé mo ní autism, ìyẹn ni pé ọpọlọ mi ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ènìyàn. Mo ti ka lẹ́tà náà tó ìgbà mẹ́wàá.

Ká sòótọ́, ara tù mí. Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè mí ní alágídí. Tí wọ́n bá ti gbé gángan dé òde àríyá, inú ọkọ̀ lẹ ó ti bá mi, tí mo di etí méjèèjì. Títí dòní, bí ewédú bá kan gbẹ̀gìrì nínú abọ́ mi, oúnjẹ yẹn parí nìyẹn. Ẹ̀rín pa mí nígbà tí dókítà béèrè bóyá mo máa ń wo ènìyàn lójú. Èwo ni kí n wo àgbà lójú? Ẹ̀kọ́ ilé ni wọ́n ń pè é nílé tiwa!

Ibi tó ti le rèé: màámi wà ní Òṣogbo. Mo ṣàlàyé fún wọn pé kì í ṣe àìsàn, pé bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn. Wọ́n ní ká lọ gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹ̀yin tí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí lágbà, ọ̀rọ̀ wo lẹ fi yé àwọn òbí yín, lédè Yorùbá? Mo sì tún kà pé ó máa ń rìn nínú ìdílé. Ọmọ mi ọkùnrin ò fẹ́ ariwo rárá. Ṣé kí n mú un lọ fún àyẹ̀wò ni, àbí kí n ṣì ní sùúrù?