Bí mo ṣe pàdé iṣẹ́ Rupert Kinnard

Ẹ ní kí oníkálukú sọ ayàwòrán tí iṣẹ́ rẹ̀ wọ òun lákínyẹmí ara. Tèmi ni Rupert Kinnard.

Mo ń to ojú ewé fún ìwé ìròyìn kan níbí ní Amẹ́ríkà, mo sì máa ń yàwòrán lálẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ló pè mí wá wo fíìmù No Straight Lines tó jáde ní 2021, lórí àwọn gay àti lesbian tó ń ya ìtàn alàwòrán. Ibẹ̀ ni mo ti rí bàbá dúdú kan lórí àga oníkẹ̀kẹ́, tó ń fi ẹ̀rín sọ ìtàn ara rẹ̀.

Chicago ni wọ́n bí i sí ní 1954. Láti kékeré ló ti ń ya àwọn akíkanjú alágbára, àfìgbà tó kíyè sí i pé òyìnbó ni gbogbo wọn. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ya dúdú. Nígbà tó wà ní Cornell College ní Iowa, ní 1977, ó gbé akíkanjú dúdú kan tó pè ní Brown Bomber jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ìnagijẹ Joe Louis, abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò nì, ló mú. Ṣùgbọ́n gay ni akíkanjú tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi Diva Touché Flambé kún un, obìnrin dúdú tó ń fẹ́ obìnrin, tó gbọ́n, tó ń tọ́ Bomber sọ́nà.

Ohun tó mú mi jù ni pé iṣẹ́ kan náà la jọ ń ṣe. Nígbà tí wọ́n dá Just Out, ìwé ìròyìn àwọn gay àti lesbian, sílẹ̀ ní Portland ní ìpínlẹ̀ Oregon ní 1983, òun ló ń bójú tó ìrísí ìwé ìròyìn náà, ó sì ṣe irú rẹ̀ ní San Francisco. Inú ìwé ìròyìn àwọn gay gan-an ni Bomber àti Diva ti ń sọ̀rọ̀ ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Kò rọrùn kéèyàn wí fún àwọn tí wọ́n jọ ń jìyà pé àwọn náà ń fìyà jẹ òun! Mo bọ̀wọ̀ fún un gidigidi. Ní 1996 ìjàmbá mọ́tò gba agbára ẹsẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, síbẹ̀ kò fi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀.

Gay ni àbúrò mi tó wà nílé. Láti ìgbà tí òfin 2014 tó ka ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin léèwọ̀ ti jáde ní Nàìjíríà, ohùn ìsàlẹ̀ la fi ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Mo ya fọ́tò ojú ewé díẹ̀ nínú B.B. and the Diva, ìwé Kinnard tó jáde ní 1992, mo fi ránṣẹ́ sí i. Èsì rẹ̀ ni: “Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n dúdú bíi tèmi.”

*

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n, fún ohun tí ẹ kọ sókè yìí; òǹkàwé yín ni mí. Portland ni mò ń gbé. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: ìwé òfin ìpínlẹ̀ Oregon ti 1857 kò fẹ́ kí dúdú kó wá síbí rárá, 1926 ni wọ́n tó yọ gbólóhùn náà kúrò. Ìlú yìí ni Kinnard kó wá ní 1979. Àwọn Just Out àtijọ́ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nínú àkójọ àwọn ìwé ìròyìn Oregon. Mo jókòó tì wọ́n títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọmọbìnrin mi tó ń yàwòrán wá bá mi kà. Diva ló yàn láàyò, ó sì ti ń bi mí ibi tí a ti lè ra ìwé náà.