Ẹ jọ̀ọ́, báwo la ṣe lè fi kórópe yíká Ilé-Ifẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará Ifẹ̀, mo nílò ìrànlọ́wọ́ yín. Iléṣà ni mò ń gbé, mo ti ṣèlérí fún màmá mi àtàwọn ọmọ mi méjì pé a máa wá ní Sátidé, ṣùgbọ́n owó ọwọ́ mi ò ká háyà mọ́tò, bọ́ọ̀sì èrò náà la máa wọ̀. Ìgbà tí mo dá wá, ọlọ́kadà kan gbé mi yípo yípo, ó wá gba owó gọbọi, ó dùn mí gan-an torí ibẹ̀ ò jìnnà rárá.

Mo fẹ́ ká dé Ẹnuwá, ká rí ààfin àti mùsíọ́ọ̀mù, kí n sọ fáwọn ọmọ nípa àwọn orí idẹ tí wọ́n hú jáde lọ́dún 1938, lẹ́yìn náà Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, ọmọ mi ọkùnrin ní òun fẹ́ ka àwọn ìṣó ara òkúta yẹn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò jẹ́ n sinmi mọ́. Tí àyè bá wà, ère Mọrèmí náà.

Orúnkún ń dun màmá o, tó bá jókòó pẹ́ ńṣe ló ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra á kó tó dìde. Tá a bá sọ̀ ní Mayfair, ṣé kórópe wà tó ń lọ Ẹnuwá tààrà àbí ká tún wọ òmíràn ní Lagere? Ṣé màmá lè fẹsẹ̀ rin ìyókù? Èló lẹ ń san báyìí? Aago mélòó ni ọkọ̀ Iléṣà máa ń wọ́n nírọ̀lẹ́? Ẹ dákun ẹ dá mi lóhùn kó tó di Fúráìdè.