Ta ni bọ́mbà B-17 inú géèmù ti fojú ẹ̀ rí màbo? Ẹ sọ tiyín

Awakọ̀_Àdúgbò: Ẹ̀yin èèyàn mi, IL-2 1946, géèmù ọkọ̀ òfurufú Ogun Àgbáyé Kejì, ni mò ń gbá. Mo gbé Bf 109 G-6, ọkọ̀ ìjà Jámánì, lánàá, mo rí B-17 Amẹ́ríkà mẹ́sàn-án tí wọ́n tò lọ bíi màálù tó ń lọ ọjà, mo ní owó dé. Mo rọra lọ dúró sẹ́yìn èyí tó kẹ́yìn, mo ń fojú sùn ún. Kí n tó yìn lẹ́ẹ̀mejì, gíláàsì iwájú ti fọ́, ẹ́ńjìnnì ń rú èéfín. Ẹ̀ẹ̀mẹfà léra wọn! Ṣé bó ṣe ń ṣe gbogbo yín nìyẹn?

Ṣọlá109: Ẹ̀yìn lo lọ.

Ìyá_Ìbejì: "Mo rọra lọ dúró" 😂😂 ṣé o fẹ́ kí wọ́n kí ẹ káàbọ̀ ni

Bàbá_Kọ́kípítì: Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́, ibẹ̀ lèmi náà kú sí tó ogún ìgbà. Tó o bá wà lẹ́yìn bọ́mbà tí eré yín sì jọ dọ́gba, lójú ẹni tó mú ìbọn nídìí ọkọ̀ yẹn, ńṣe lo dúró sójú kan bí òpó iná, òun nìkan sì kọ́, gbogbo àwọn tó kù ló ń da ọta bò ẹ́. Ojú tún ń tàn wá o. Apá B-17 láti ìkángun kan sí èkejì lé ní mítà 31, tìrẹ ò ju bíi 10 lọ, ó ti kún gíláàsì tó o fi ń wò ó fọ́fọ́ nígbà tó o ṣì jìnnà réré, o wá rò pé o ti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, lo bá ń fi ọta ṣòfò.

Ṣọlá109: Iwájú ni kó o ti kò ó. Àwọn Jámánì gan-an ò tètè mọ̀, ìparí 1942 ni Egon Mayer, awakọ̀ òfurufú wọn kan, àtàwọn ọmọ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọjú sí i gbọnrangandan torí ìbọn iwájú B-17 ìgbà yẹn ò tó nǹkan. Èmi máa ń gba ẹ̀gbẹ́ kọjá níbi tí ọta wọn ò lè dé, màá lọ jìnnà síwájú, màá yí padà. Kó o ṣẹ́jú báyìí ẹ ti pàdé, yìn, kó o bẹ́ sábẹ́ wọn. Mẹ́rin ni mo já lulẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ọmọ_Ògbómọ̀ṣọ́: Mẹ́rin. Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́.

Ìyá_Ìbejì: Kò sọ fún yín pé orí ló fi kan ìkẹrin

Ṣọlá109: Ó lulẹ̀ àbí kò lulẹ̀??

Alákàrà190: Èmi gbìyànjú iwájú yẹn, B-17G ni mo lọ pàdé, èyí tí wọ́n ti gbé ìbọn méjì sí lágbọ̀n. Mo fimú gba gbogbo ẹ̀. Ẹ gbé ìbọn MK 108 jàre, ọta 30 mm, tí mẹ́ta mẹ́rin bá bà á ó sábà máa ń parí, 20 mm á fẹ́ẹ̀ tó ogún.

Bàbá_Kọ́kípítì: Ọta 30 yẹn ò yára o, ńṣe ló ń já sílẹ̀ bí òkò ọmọdé. Tó ò bá sún mọ́ ọn dáadáa, afẹ́fẹ́ lò ń yìn. Tó o bá tún lọ so ìbọn mọ́ abẹ́ apá, 109 á wúwo bí ewúrẹ́ olóyún, kí P-51, ọkọ̀ ìjà Amẹ́ríkà, má ṣáà rí ẹ.

Ọmọ_Ògbómọ̀ṣọ́: Ẹ ń já bọ́mbà lulẹ̀, ṣé ẹ mọ̀ pé ọmọ Nàìjíríà wà nínú wọn? Akin Shenbanjo, inú bọ́mbà Halifax ló wà, òun ló ń bójú tó rédíò, wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ DFC. "Achtung! The Black Prince" ni wọ́n kọ sára ọkọ̀ wọn.

Alákàrà190: Halifax ti ìlú Ọba nìyẹn, òru ni wọ́n sábà ń fò. B-17 là ń sọ.

Ọmọ_Ògbómọ̀ṣọ́: Mo ní B-17 ni?

Ṣọlá109: Tòru yẹn, abẹ́ ni Jámánì ń yọ́ gbà, wọ́n á kọ ẹnu ìbọn sókè, torí ọ̀pọ̀ Halifax àti Lancaster ò ní ìbọn lábẹ́ ikùn.

Ìyá_Ìbejì: Ọmọ wa wà lókè, ẹ̀yin ń yọ́ bọ̀ lábẹ́. Ẹ ò lójú tì.

Awakọ̀_Àdúgbò: Mo ti ṣe ti Ṣọlá o! Mo kọjú sí i, mo yìn, ẹ́ńjìnnì kan gbiná, mo pariwo, ìyàwó mi sá wọlé ó rò pé ejò ni. Kó tó lulẹ̀, iná lọ.

Ọmọ_Ògbómọ̀ṣọ́: A ò kà á.

Ṣọlá109: Ẹ kà á fún un jọ̀ọ́

Ìyá_Ìbejì: Ẹ kú iṣẹ́ ejò o, ìyàwó wa